Iṣẹ́ Tó Ń Dúró De Ìyá Àgbà

Trondheim,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Eilev, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, torí mo gbọ́ pé ní Singapore tí o wà yẹn, èèyàn á kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni, òógùn á sì máa ṣàn lára rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ẹ gbé wọ ibi àtúnṣe ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ara èmi náà yá, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì jókòó. Tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Tí mo bá dìde, n ò ní mọ ohun tí mo dìde fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ lẹ́tà, torí pé ọ̀rọ̀ kúkúrú tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, bí o bá ṣe ń kà á tán lo ṣe ń gbàgbé rẹ̀.

Kí àyà rẹ má já. Bàbá wà láàyè, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà. Láti àárọ̀ ló ti ń bá mi jà pé omi lásán ni mò ń pè ní kọfí. Ó ní ẹja lè wẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì rí ọ̀nà rẹ̀ kedere. Nítorí náà o mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ, jọ̀ọ́, má fò ó.

O mọ òkè Gråhamaren tó dojú kọ ilé wa ní òdìkejì omi. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé yóò wó lọ́jọ́ kan, tí a sì máa ń fi ṣe eré pé tó bá wó, a ò ní lọ sílé ìwé. Lọ́dún yìí kì í ṣe eré mọ́. Òjò rọ̀ lórí yìnyín, yìnyín yọ́, omi rẹ̀ wọ inú ibi tí òkè ti là, òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo ilé tó wà lẹ́bàá omi kó jáde. Wọ́n fa ìlà kan sórí àwòrán ìlú, ilé tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà, ó di dandan kó ṣófo. Ìlà yẹn gba abẹ́ ọgbà Bàbá kọjá gẹ́lẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó wà lókè ìlà ṣáà máa múra sílẹ̀, wọn ò fi dandan lé wọn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Solbjørg, ìmọ̀ òkúta ló kọ́, òun ló ń wọn ìrìn òkè náà. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé apá tó ń rìn tóbi ju èyí tí wọ́n fi fa ìlà àtijọ́ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sínú omi lẹ́ẹ̀kan, omi máa ru gùdù, á sì gun òdìkejì. Ibo ló máa gùn ún dé? Ìbéèrè yẹn ni kò ṣeé fẹnu lásán dáhùn. Ìṣirò rẹ̀ pọ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀rọ ńlá tí èmi àti Jostein ń tọ́jú ló lè ṣe é.

Mo pe Bàbá, mo ní kó jẹ́ kí n wá mú un kí ìdáhùn tó jáde. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ragnfrid, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni àwọn èèyàn ìjọba ti ń fi òkè yìí dẹ́rù bà mí. N ò ní torí ẹnu wọn kúrò nílé mi. Ẹ̀rọ tí ọmọ mi ń tọ́jú ni kó sọ fún mi. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, mo ṣe tán." Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀, mo sunkún díẹ̀, kò gbọ́. Ó wá ku èmi àti ẹ̀rọ.

Mo mọ̀ pé o máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé amúlàtò ni mí, pé èèyàn ń gba owó oṣù nítorí pé ó ń to àwọn èèyàn sórí ìlà. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ wa kì í ṣe ọ̀kan, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni a so pọ̀ nínú yàrá tútù kan, ètò kan ló sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Apínṣẹ́ ni a ń pè é. Ẹni tó bá níṣẹ́ á kọ ìwé ìbéèrè sí i: kọ̀ǹpútà mélòó ni mo fẹ́, irú èwo, fún ọjọ́ mélòó. Apínṣẹ́ á wò ó, á tò ó sórí ìlà, bí ààyè bá sì ti ṣí sílẹ̀, á gbé e wọlé. Kì í ṣe ojúsàájú, kì í gba rìbá, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá wọlé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa fi dá ọ lóhùn.

Solbjørg fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, o sì mọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe máa ń rí. Gbogbo èèyàn ti fi ọkàn sí ahéré orí òkè tí wọ́n ti máa lo ìsinmi. Kí wọ́n tó di ọsàn àti ṣokoléètì sínú àpò, kálukú á kọ́kọ́ ju iṣẹ́ tó gùn jù lọ sórí ẹ̀rọ wa, pé kó máa ṣe é lọ nígbà tí àwọn bá ń rìn lórí yìnyín. Ìlà gùn bí ọjọ́ àìjẹun. Solbjørg pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Òkè ń rìn, iṣẹ́ mi jókòó!" Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Apínṣẹ́ ti kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀: Dúró, ààyè kò tíì sí.

Mo ní, ìyẹn ò le. Mo gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú pátápátá. Ìwọ náà mọ bí àwa èèyàn ibí ṣe rí sí ọ̀rọ̀ ìlà, a lè jí ìyàwó ara wa kí á sì tún máa kíra, ṣùgbọ́n kí èèyàn já ìlà! Àwọn onímọ̀ ẹja kọ̀wé sí mi, wọ́n ní ta ló fún mi láṣẹ. Mo dá wọn lóhùn pé ẹja wọn ò ní rì sómi. Mo wá jókòó, mo ń retí kí iṣẹ́ Solbjørg wọlé.

Kò wọlé. Àwọn iṣẹ́ kan parí, kọ̀ǹpútà ṣófo, mo fi ojú ara mi rí wọn tí wọ́n jókòó lásán. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun tó wà níwájú dúró sójú kan. Dúró, ààyè kò tíì sí. Ààyè wà o! Ààyè ń wò wá lójú!

Mo pe Bàbá pé kò tíì wọlé. Ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Ó sọ fún mi pé pẹ́pẹ́yẹ òkun ti dé sẹ́bàá omi, pé òun ti kun abẹ́ ọkọ̀ ojú omi òun lọ́dà, pé Gudveig ará ilé kejì ti kó lọ sílé ìwé tó wà lókè àfonífojì, ó sì fi ológbò rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó wá béèrè, "Eilev ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?" Mo ní o ń jẹun. Ohùn rẹ̀ dùn, Eilev, bí ohùn ẹni tó ń retí àlejò. Ó bí mi nínú gan-an ni. Mo ní ọkùnrin yìí ò mọ̀ pé ikú ń bẹ lókè orí rẹ̀ ni?

Jostein ní aago ni. O rántí Jostein, ẹni tó bá ọ mu bíà títí tí ẹ fi gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó ní bí aago kọ̀ǹpútà kan kò bá bá ti àwọn yòókù mu, Apínṣẹ́ kì í fọkàn tán an mọ́, á yà á sọ́tọ̀ bí ọmọ tó ń wúkọ́. A yẹ gbogbo wọn wò, a sì rí i lóòótọ́ pé aago gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí pẹpẹ kan ti ń falẹ̀. A tún un ṣe, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ya wọlé bí omi. Jostein dìde, ó jó yí àga rẹ̀ ká, o mọ bó ṣe máa ń jó, bí ẹni tí eèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo wo ìlà. Ti Solbjørg ṣì dúró síbẹ̀. Jostein rọra padà jókòó.

Solbjørg alára ò lè mú sùúrù mọ́. Láìsọ fún wa, ó fagi lé iṣẹ́ rẹ̀, ó tún un fi ránṣẹ́. Ó tún fagi lé e, ó tún un fi ránṣẹ́. Ó rò pé bí òun bá tún ilẹ̀kùn kàn, wọ́n á ṣí i. Mo figbe ta lórí fóònù. Mo ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Gbogbo ìgbà tí o bá fagi lé e, àlejò tuntun lo dà lójú Apínṣẹ́, ìdí ìlà ló ń dá ọ padà sí!" Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òru ni mò ń wo òkè yìí, ọ̀sán ni mò ń wò ó. N ò mọ ohun míràn tí mo lè fọwọ́ ṣe." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tún gbé e síwájú.

Lọ́jọ́ kejì òkúta kan já. Kì í ṣe òkè fúnra rẹ̀, èèpo rẹ̀ lásán ni. Bàbá ló sọ fún mi nígbà tí mo pè é, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù. Ó ní eruku ṣú bo omi, pẹ́pẹ́yẹ fò lọ, ológbò Gudveig sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jáde mọ́. "Òkúta kékeré ni o," ó ní, "má jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹ̀rọ yín ńkọ́?" Mo ní kò tíì wọlé. "Ó dáa. Ṣé o máa pè lọ́la?" Mo ní mo máa pè.

Jostein ń gbọ́ wa. Ó ní, "Ṣe ni kí o parọ́ fún bàbá yẹn jàre. Sọ fún un pé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, pé kó máa bọ̀. Irọ́ tó gba ẹ̀mí là kì í ṣe irọ́." Mo rò ó o, Eilev. Mo tilẹ̀ gbé fóònù. Ṣùgbọ́n Bàbá á béèrè pé ibo ni omi gùn ún dé, fèrèsé wo, àtẹ̀gùn wo, o mọ bó ṣe máa ń wádìí ọ̀rọ̀. Bó bá sì mú mi nínú irọ́ lẹ́ẹ̀kan, kódà bí áńgẹ́lì bá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò ní gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá sọ fún Jostein pé a ti ń bá Apínṣẹ́ jà, a ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kúkúrú tó kọ síwájú iṣẹ́ là ń kà láti ọjọ́ yìí. Ìdí kan ṣoṣo ló sì máa ń kọ síbẹ̀, bí ìdí mìíràn tilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ kan pàtó, tí o ní kó ro gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á rò ó fún ọ. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa tó ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n béèrè ní kíkún, ìjáyà ò jẹ́ kí àwa fúnra wa rántí. Mo béèrè. Ìdáhùn gùn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èmi àti Jostein gbé àga wa súnmọ́ ọn, a ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé Solbjørg béèrè odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fún Apínṣẹ́ láṣẹ pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, gbogbo ẹ̀rọ máa kú fún àtúnṣe páìpù omi tó ń mú un tutù. Iṣẹ́ tí kò bá ní lè parí ṣáájú ọjọ́ yẹn, Apínṣẹ́ ò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo pe Solbjørg. "Báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe máa ń pẹ́ tó?" "Kì í ju ọjọ́ kan lọ." "Kí ló dé tí o fi wá béèrè ọ̀sẹ̀ kan?" Ó ní, "Bí mo ṣe bá ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi nìyẹn. Mo sì rò pé bí èèyàn bá béèrè púpọ̀, wọn ò ní lé e jáde kó tó parí." Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tí àwo kan tó á béèrè ìkòkò, á wá máa bínú pé wọn ò tètè bu oúnjẹ fún òun. Mo gé e sí ọjọ́ kan àtààbọ̀.

A wò ó. Ó ṣì dúró. Jostein fọwọ́ lé ìlà ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìdáhùn náà pátápátá. Ìwé ìbéèrè Solbjørg dárúkọ kọ̀ǹpútà tó fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ òmíràn, Ìyá Àgbà lòun fẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ni, ó ti gbó, ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀ òun nìkan ló lè gba ìṣirò tó tóbi bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan, àwa la sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, ó kú. O mọ̀ pé kò sí ohun tí a kì í fi kéèkì ṣe ní ọ́fíìsì wa, ẹni dé, kéèkì, ẹni lọ, kéèkì. A ra kéèkì fún Ìyá Àgbà. Jostein sọ̀rọ̀ ìdágbére, ó ní kò fìgbà kan kọ iṣẹ́, kò sì fìgbà kan béèrè ìsinmi, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a jẹ kéèkì, àwọn kan wá gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Apínṣẹ́.

Mo wo Jostein. Etí rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Mo fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọkàn mi ò gbà á. Mo ní kí n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń sinmi." Háà, Jostein! Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn o, àbúrò mi. Kálukú jẹ kéèkì òkú tán, a ò sì sọ fún adènà pé òkú ti kú. Apínṣẹ́ gbà wá gbọ́. Ó ń sọ fún ọmọbìnrin yìí pé dúró, Ìyá Àgbà ń sinmi, bó bá jí, ó kàn ọ́. Òkè ń wó bọ̀, iṣẹ́ ń dúró de ẹni tí a ti sin. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di ẹkún.

Jostein yọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rọra sọ pé, "Sùn re o, Ìyá Àgbà." Mo kọ ọ́ sínú ìwé Solbjørg pé èyíkéyìí nínú àwọn tuntun lè ṣe é. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, iṣẹ́ náà ti wọlé. Kò sí ariwo, kò sí nǹkan kan, Apínṣẹ́ kàn yí ọ̀rọ̀ náà padà: Ó ń lọ. Mo pe Solbjørg, mo ní ó ti wọlé.

Nígbà tí ìṣirò parí, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo wá ilé wa lórí rẹ̀, mo rí i. Ìlà tuntun ti gun òkè kọjá ilé wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà ńlá. Fèrèsé yàrá tí èmi àti ìwọ ń sùn, èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ ni omi máa dé. Mo pe Bàbá lójú ẹsẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ó béèrè pé, "Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, àbí ìwọ?" Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó ní, "Ó dáa. Wá gbé mi." Ó tán. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ara fi fu mí.

Mo wa mọ́tò lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé mọ́tò náà wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá sọdá. Mo kọ́kọ́ bá Gudveig pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó ń retí ológbò rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ragnfrid, o ṣeun tí o wá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kéde yẹn gan-an ni bàbá yín ti di báàgì. Ẹnu ọ̀nà ló wà láti ọjọ́ yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká jọ máa lọ, ó ní òun ń dúró de fóònù." Mo ní, "Láti ọjọ́ wo?" Ó tún un sọ. N ò dúró gbọ́ ìyókù.

Òótọ́ ni. Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti de okùn mọ́ ọn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nìkan ló yọ sílẹ̀ níta torí pé ó ń lò ó láràárọ̀. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀, ó di ológbò mọ́ àyà. Mo gbé e wọ mọ́tò, a fi ológbò lé Gudveig lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ìgbà tí a dé orí ọkọ̀ ojú omi, tí òkè yẹn dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ni inú mi bú gbàù. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe tán láti ọjọ́ àkọ́kọ́! Ẹ jókòó sábẹ́ ikú, ẹ ń fi mí ṣeré! Mi ò sùn, mi ò jẹun, mo bá gbogbo ayé jà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ń bọ̀?"

Ó yọ ọsàn kan lápò, ó ń bó o, ó bu apá kan fún mi. Ó wá ní, "Ìgbà Kérésì lo pè mí kẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Ká ní ẹ̀rọ yín yá ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa pè. Lójoojúmọ́ tí kò bá wọlé, ò ń pè. Mo ní kí n dúró díẹ̀ sí i." Ó jẹ ọsàn tirẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó dùn."

Mo jẹ ọsàn náà. Ó dùn mí wọ eegun, Eilev, n ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Èmi tí mo ń fi ọgbọ́n bi Apínṣẹ́ ní ìbéèrè kíkún, gbólóhùn kúkúrú ni mo ń gbà lẹ́nu bàbá mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ṣé ara le? Ara le. Ó tán. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Òkè ò tíì wó títí di òní. Ó ń rìn ṣá. Solbjørg ní ó lè jẹ́ lọ́la, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ikú gbogbo wa. Láràárọ̀ ni Bàbá ń béèrè bóyá ó ti wó, bí mo bá ní rárá, á mi orí, á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Ó ti béèrè rẹ lọ́wọ́ mi lónìí, ó sì béèrè lánàá. Mo ní ọwọ́ rẹ dí. Ó ní òun mọ̀, òun kàn béèrè ni.

N ò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ọ̀gá yín sì le. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o má dúró de òkè. Kò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí, má jẹ́ kó mọ̀.

Kí omi má gbé ọ lọ, kí iná ẹ́ńjìnnì má rí ọ jó. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí fún ọ. Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ padà wálé nígbà tí a ṣì wà níbẹ̀ láti kí ọ káàbọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó máa ń fà ọ́ lórí yìnyín nígbà tí o ṣì ń bẹ̀rù òkè,

Ragnfrid.

Àfikún: Fóònù Bàbá máa ń wà lápò kóòtù rẹ̀, kóòtù sì wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé dé ibẹ̀ máa ń pẹ́ ẹ díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Bí o bá pè tó ń dún tí kò gbé e, jọ̀ọ́, má ṣe bíi Solbjørg. Má pa á kí o tún un pè. Jẹ́ kó máa dún. Ó ti dìde, ó ń bọ̀.